Ojú Ewé Tí Kò Ṣí ní Ògbómọ̀ṣọ́

Agboolé Olútóyè,
Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kìn-ín-ní, 2004.

Ọláṣẹ̀hìndé ọmọ mi,

Ṣé ọyẹ́ ò pa ọ́ jù, àbí ti Accra kì í le? Níbí, ètè gbogbo wa ló ti sán. Mo dúpẹ́, ara le. Etí nìkan ni kò padà wá, kò sì ní padà wá mọ́. Ogójì ọdún tí mo fi dúró ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló mú un lọ. Nítorí náà, má pè mí lórí fóònù Bàbá Àkíbù mọ́, jọ̀ọ́. Lọ́jọ́ tí o pè yẹn, "Ẹn? Ẹn?" ni mo ń ké bí ewúrẹ́, gbogbo ará ilé wọn sì ń fi mí rẹ́rìn-ín. Lẹ́tà ni kí o máa kọ. Ojú mi ṣì ń ríran.

Mo rí ojú ewé tí o ṣe fún ẹbí wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ kejì Kérésì ni mo lọ sí kàfé Wòsílátù. Ó tẹ̀ ẹ́, ó ṣí, mo sì rí Àkànkẹ́ ẹ̀gbọ́n mi níwájú ìsọ̀ ọṣẹ rẹ̀ ní Ashaiman. Háà, Àkànkẹ́ ti darúgbó o! Mo fọwọ́ kan ojú rẹ̀ lórí gíláàsì, Wòsílátù ní, "Bàbá, ẹ má fọwọ́ kàn án, ó ń dọ̀tí." Kí ló kàn mí pẹ̀lú ìdọ̀tí? Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí mo ti rí i kẹ́yìn. Iṣẹ́ rere lo ṣe yẹn. Ọmọ bíbí, ìgbéyàwó, ilé ṣíṣí, ohun gbogbo tó bá ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ yín, máa gbé e síbẹ̀, kí o sì fi lẹ́tà ta mí lólobó kí n lọ wò ó.

Ẹsẹ̀ Àkànkẹ́ tó ń wú ló jẹ́ kí n tètè kọ̀wé. O kọ ọ́ bí ẹni pé ẹ̀fọn ló jẹ ẹ́. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni, Ọláṣẹ̀hìndé! Nígbà tí ìjọba ọ̀hún lé wọn wálé ní 1969, ọdún mẹ́ta péré ló lò níbí kó tó ní òun ń padà. Mo sìn ín dé ibùdókọ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Àdìó, bí mo bá kú sọ́hùn-ún, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ bu erùpẹ̀ lé mi. Má jẹ́ kí àlejò bù ú." Ó ní kí n búra, mo sì búra. Má fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ pa mọ́ fún mi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Olútóyè.


Circle, Accra.
Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Kejì, 2004.

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ìnira etí. Màmá Ashaiman ní kí n kí yín. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn gan-an nìyí: "Sọ fún Àdìó pé kó wá wò mí nígbà tí mo ṣì lè dá a lóhùn. Fọ́tò kì í dáni lóhùn." Bàbá, ẹsẹ̀ nìkan kọ́. Dókítà ní ọkàn wọn ló ti rẹ̀, òun ló jẹ́ kí omi máa gbára jọ sí ẹsẹ̀. Wọ́n ṣì ń pàṣẹ ní ìsọ̀, wọ́n ṣì ń bá mi jà pé mi ò jẹun, ṣùgbọ́n wọn kì í lè dùbúlẹ̀ gbalaja mọ́, ìjókòó ni wọ́n fi ń sùn. Ọdún mẹ́wàá ni mo ti wà lábẹ́ òrùlé wọn. Owó ọṣẹ ni wọ́n fi rán mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá.

Inú mi dùn pé ẹ rí ojú ewé náà. Ṣùgbọ́n mo ti tú u palẹ̀, mo tún un kọ. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí iṣẹ́ yín náà ni. Bí a bá ń kọ ojú ewé, àmì la fi ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé àkọlé nìyí, ìpínrọ̀ nìyí, àwòrán nìyí. HTML ni wọ́n ń pe ìlànà tí ẹ rí nígbà Kérésì. Bí ènìyàn bá ṣí àmì kan tí ó gbàgbé láti pa á dé, kọ̀ǹpútà á bá a bo àṣírí. Ìlànà tuntun ti dé, XHTML lorúkọ rẹ̀. Èyí ò gba gbẹ̀rẹ́. Àmì kan ṣoṣo tí a kò bá pa dé, gbogbo ojú ewé ò ní ṣí. Òun ni mo mú. Ẹ̀yin náà lẹ fà á! Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ tú odindi ojú ewé tí mo tò ká nítorí lẹ́tà kan tó dorí kodò? Mo sunkún lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n mo kọ́gbọ́n.

Abena tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí n rọra. Ó ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ ló kún kàfé, ètò tí wọ́n fi ń ṣí ojú ewé lórí wọn kò sì mọ ìlànà yìí. Ó bi mí pé, "Ta lò ń kọ ọ́ fún gan-an?" Mo ní wọn á pààrọ̀ kọ̀ǹpútà wọn láìpẹ́. Ó pòṣé, ó yíjú sí iṣẹ́ rẹ̀. Lórí tèmi ní ọ́fíìsì, ó mọ́ tónítóní.

Ọmọ yín,
Ọláṣẹ̀hìndé.


Agboolé Olútóyè,
Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ Kọkàndínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kejì, 2004.

Ọláṣẹ̀hìndé,

Ọjọ́ Ẹtì ni lẹ́tà rẹ dé, Ojúọlá aláṣọ tó ń ná ọjà Accra ló mú un wá. Mo ti gbọ́ ti ọkàn. Kí o sọ fún Àkànkẹ́ pé mò ń bọ̀ lẹ́yìn Àjíǹde. Wọ́n ń yẹ àwọn ọlọ́jọ́ ogbó wò fún owó ìfẹ̀yìntì lóṣù tó ń bọ̀, ẹni tí kò bá fojú hàn, òkú ni wọ́n kà á sí. Bí mo bá ti fojú hàn tán, mo wọkọ̀. Kó dúró dè mí. Mo ń to orin kan fún un, orin tí ìyá wa máa ń dá lówùúrọ̀. Lẹ́tà igi ńláńlá tí a fi ń tẹ ìwé ara ògiri ni mo fi ń tò ó, nítorí ojú rẹ̀. Ẹsẹ kan ṣoṣo ló máa gba odindi ojú ewé kan. Jẹ́ kó gbà á.

Abena yẹn gbọ́n jù ọ́ lọ. Má bínú. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ Sàlàkọ́ ọ̀gá mi, wọ́n gbé ìwé orin ìkórè wá fún wa. Lẹ́tà ìtẹ̀wé tuntun kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, ó tínrín, ó rẹwà, mo sì fi í ṣe fáárí. Lọ́jọ́ ìkórè, gbogbo àgbààgbà ìjọ na ìwé náà síwájú, wọ́n fà á sẹ́yìn, wọ́n tún nà án. Kò sẹ́ni tó lè kà á. Ìwọ̀nba ọmọdé ló kọrin. Sàlàkọ́ ò nà mí, kò bú mi. Ó kàn ní, "Olútóyè, ara rẹ lo tẹ̀wé fún."

Bí mo ṣe le mọ́ ọ yẹn, ọwọ́ àwa tí à ń ṣiṣẹ́ ni mo le mọ́. N kò sọ pé kí o fi dí ọ̀nà mọ́ ẹni tó fẹ́ kà á. Dá a padà sí ti àtijọ́ títí ìwọ yóò fi rí i pé ó ṣí lórí irú kọ̀ǹpútà Wòsílátù. Mo ti sọ tèmi.

Bàbá rẹ.


Ashaiman.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹta, 2004.

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Lẹ́tà yín kò tíì tẹ̀ mí lọ́wọ́, bóyá ọ̀nà ló há. Ojúọlá ń lọ láàárọ̀ ọ̀la, kíákíá ni mo ń kọ èyí.

Lọ́jọ́ tí lẹ́tà yìí bá dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sí kàfé Wòsílátù. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ kan sórí ojú ewé ẹbí, ọjọ́ àti wákàtí wà níbẹ̀. Mo gbé bírò lẹ́ẹ̀mẹta láti kọ ọ́ síbí, ọwọ́ mi ò gbà. Kì í ṣe ohun tí ọmọ ń kọ sí bàbá rẹ̀. Àwọn Ọlábùnmí ń bọ̀ láti Kumasi, gbogbo ẹbí ló ń bọ̀. A ò ní ṣe é láìsí yín. Ẹ mú aṣọ funfun yín dání.

Ọmọ yín,
Ọláṣẹ̀hìndé.


Agboolé Olútóyè,
Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ Kọkàndínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹta, 2004.

Ọkọ Abena,

Ṣé o rò pé n kò ní mọ̀? Ọwọ́ ò gbà láti kọ ọ́! Ojú ń tì ọ́! Gbogbo ẹbí ń bọ̀, kí n mú aṣọ funfun dání! Mo rẹ́rìn-ín títí Bàbá Àkíbù fi wá wo ohun tó ṣe mí. Láti ọjọ́ tí o ti kọ ọ́ pé ó pòṣé sí ọ ni mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Aṣọ òfì funfun mi ti wà lọ́dọ̀ alágbàfọ̀. N kò bínú pé kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Ẹni tó lè sọ òótọ́ fún ọ ni mo ti ń wá fún ọ.

Inú mi tún dùn sí ohun kejì. O ò dárúkọ Àkànkẹ́ rárá. Àyà mi kọ́kọ́ já, mo wá rò ó pé ẹni tí àìsàn bá ń ṣe kì í fò dá nínú lẹ́tà. Ara rẹ̀ ti yá nìyẹn. Òun ló ń sáré ìgbéyàwó kiri, àbí? Mo mọ̀ ọ́n. Orin rẹ̀ ku ẹsẹ kan, mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní Sátidé tó ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n ojú ewé rẹ kò ṣí o. Lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Wòsílátù gbìyànjú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà mẹ́ta. Àpótí kékeré kan ló ń jáde, tó ń béèrè ibi tí a fẹ́ tọ́jú ẹrù sí. A ní kó tọ́jú rẹ̀, ó tọ́jú rẹ̀, a ò rí nǹkan kan. Mo kìlọ̀ fún ọ. Mo fi lẹ́tà yìí rán awakọ̀ kan tó ń lọ lọ́sẹ̀ yìí. Kọ ọjọ́ náà sínú ìwé kó o fi ránṣẹ́, kí n lè múra. Bá mi sọ fún Àkànkẹ́ pé Àdìó ń bọ̀.

Bàbá ọkọ ìyàwó.


Ashaiman.
Ọjọ́ Karùn-ún, Oṣù Kẹrin, 2004.

Bàbá,

A sin Màmá ní ọjọ́ Sátidé.

Ẹ kò wá. Ẹ kò kọ ìlà kan. Ẹ má sọ fún mi pé ẹ ò rí i, nítorí ẹ̀rọ tó ń pín ojú ewé wa máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá béèrè rẹ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta, láti Nàìjíríà, wọ́n béèrè ojú ewé náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ rí i lẹ́ẹ̀mẹta, Bàbá! Ọlábùnmí fẹ́ ránṣẹ́ sí pásítọ̀ yín kí àwọn àgbà lọ tú ọ̀fọ̀ náà fún yín bó ṣe yẹ. Èmi ni mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀, mo ní Bàbá ti rí i, wọ́n ń múra ni.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta ni wọ́n kú, lórí ìjókòó, lẹ́yìn tí wọ́n jẹ kẹ́ńkè díẹ̀. Orúkọ yín ni wọ́n pè kẹ́yìn. Ní tòótọ́, èmi ni wọ́n ń wò, ṣùgbọ́n wọ́n ń pè mí ní Àdìó. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni a fi wọ́n sí mọ́ṣúárì nítorí yín.

Ní ìdí sàréè, pásítọ̀ ní kí ẹbí kọ́kọ́ bu erùpẹ̀. Gbogbo wọn wojú mi. Mo ní a ó dúró. Mo lọ dúró létí títì, mò ń wo gbogbo ọkọ̀ tírótírò tó ń kọjá bóyá ẹ ó sọ̀ kalẹ̀. A dúró títí oòrùn fi kúrò lórí wa. Ìyálọ́jà àwọn ọlọ́ṣẹ, obìnrin ẹ̀yà Ga, kò lè fara dà á mọ́. Ó ń sunkún, ó ń wí pé "Due, Alata, due," ìyẹn ni pé pẹ̀lẹ́, ará Nàìjíríà, pẹ̀lẹ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì bu erùpẹ̀ àkọ́kọ́. Ó ṣe é tìfẹ́tìfẹ́. Ṣùgbọ́n àlejò ni.

Ẹ̀yin lẹ búra fún wọn.

Ọláṣẹ̀hìndé.


Circle, Accra.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹrin, 2004.

Bàbá mi, Bàbá mi,

Awakọ̀ náà dé lánàá. Kọ́sítọ́ọ̀mù dá a dúró lẹ́nu ibodè fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo ka lẹ́tà yín ní ìdúró, nígbà tí mo dé ibi "Àdìó ń bọ̀", mo padà sí ìlà àkọ́kọ́, mo tún un kà.

Mo bẹ̀ yín, bí lẹ́tà tí mo kọ lọ́jọ́ karùn-ún kò bá tíì dé, ẹ má kà á. Ẹ jó o níná. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ti ń lọ.

Mo lọ sí kàfé kan níbí ní Circle, ọ̀kan nínú àwọn tí mò ń fojú rénà, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà àtijọ́ wọn, mo béèrè ojú ewé wa. Àpótí yẹn jáde. Mo pa á dé, ó tún jáde. Kí ẹ lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: bí ojú ewé bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ ènìyàn, a máa kọ́kọ́ sọ irú ohun tí òun jẹ́. Ètò àtijọ́ kò gbọ́ irú orúkọ tuntun yẹn rí. Ó rò pé ẹrù lásán ni, ó ń wá ibi tí yóò gbé e pa mọ́ sí. Ìròyìn ikú Màmá dé Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ yẹn, ó wà nínú kọ̀ǹpútà Wòsílátù níwájú yín, kò sì hàn. Ẹ̀rọ tó ní wọ́n béèrè rẹ̀ kò purọ́. Èmi ni mo sọ pé ẹni tó béèrè ti rí i.

Abena sọ fún mi. Ẹ̀yin náà sọ fún mi, lẹ́tà yín ti oṣù Kejì dé ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹta, nígbà tí ìpalẹ̀mọ́ ìsìnkú gba gbogbo ọwọ́ mi. Mo rò pé mo ṣì ní àyè. Àti aṣọ funfun, Bàbá! Ní Accra níbí, bí arúgbó bá kú, funfun la ń wọ̀. Ó ti wọ̀ mí lára débi tí n kò rántí pé níbẹ̀, ayọ̀ ni ẹ óò kà á sí.

Mo ti dá a padà sí HTML ti àtijọ́. Mo yẹ̀ ẹ́ wò ní kàfé mẹ́fà kí n tó kọ èyí. Kò sí èyí tó gbé àpótí jáde. Mo mọ̀ pé kò wúlò fún ohun tó ti kọjá. Mo dọ̀bálẹ̀, n kò sì dìde.

Ọláṣẹ̀hìndé.


Agboolé Olútóyè,
Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Karùn-ún, 2004.

Ọláṣẹ̀hìndé,

Ó pẹ́ kí n tó lè kọ̀wé. Lẹ́tà ìbínú rẹ ló kọ́kọ́ dé. Mo pe Bàbá Àkíbù àti ìyàwó rẹ̀ pé kí wọ́n wá gbọ́ ọjọ́ ìgbéyàwó. Mo wọ dígí mi, mo sì kà á sókè fún wọn. Ìlà àkọ́kọ́ yẹn, mo kà á tán kí n tó gbọ́ ohun tí mo kà. Ìyàwó Bàbá Àkíbù ló gba ìwé náà lọ́wọ́ mi.

Mo bínú sí ọ. N kò ní fi pa mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni n kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ. Mo tún bínú sí àwọn ará ìjọ, nítorí àwọn kan ti gbọ́ láti Accra, wọ́n rò pé mo ti mọ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n ń wò mí tí mò ń rẹ́rìn-ín kiri, wọ́n ní ọkàn akin ni mo ní. Lẹ́yìn náà ni mo wá bínú sí ara mi. Mo kọ́ ọ láti máa wá àṣìṣe nínú iṣẹ́. N kò tètè kọ́ ọ láti máa wo ojú ẹni tí iṣẹ́ wà fún. Èmi náà, odindi ìwé orin ìkórè ló ná mi.

Lánàá, mo lọ sí kàfé. Wòsílátù tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ṣí. Ojú Àkànkẹ́ nìyẹn, orúkọ rẹ̀ nìyẹn, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin nìyẹn. Ní ọjọ́ yẹn gan-an ni mo tẹ orin rẹ̀. Etí mi ò gbọ́ràn, nítorí náà mo máa ń kọrin sókè bí mo bá ń ṣiṣẹ́. Mò ń kọ ọ́ tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, wọ́n ń bò ó mọ́lẹ̀. Wòsílátù jáde, ó fi èmi nìkan sílẹ̀ nínú yàrá náà. Lọ́tẹ̀ yìí kò ní kí n má fọwọ́ kan gíláàsì.

Dìde ńlẹ̀. Mò ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, Ojúọlá ni yóò mú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ. Mú mi lọ sí ọjà kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyálọ́jà ọlọ́ṣẹ, lẹ́yìn náà kí o mú mi lọ sí ìdí sàréè. Orin náà wà nínú àpò mi. N óò kà á fún un, n óò sì bu erùpẹ̀ tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́. Sọ fún Abena pé mo fẹ́ rí i, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó kọ́.

Àwọn tó bí mi ti lọ, àwọn tó ṣáájú mi ti lọ. Àkànkẹ́ nìkan ló kù tẹ́lẹ̀ tó lè pè mí ní Àdìó. Ìwọ ò lè pè mí bẹ́ẹ̀, kò yẹ ọ́. Nítorí náà, mo fẹ́ kí orúkọ náà wà níbì kan. Lábẹ́ orúkọ rẹ̀ lórí ojú ewé náà, kọ èyí sí i: Àdìó àbúrò rẹ̀ kò gbọ́. Ká ní ó gbọ́ ni, ì bá wá.

Fi ìlànà àtijọ́ kọ ọ́, kí gbogbo ẹ̀rọ lè ṣí i.

Bàbá rẹ,
Olútóyè.